Ẹṣin mi ò kọ ìdíwọ́ kankan, kí ló dé tí ipò kẹrin fi jẹ́ tiwa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mú ẹṣin mi, akọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sí ìdíje, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń mú ẹṣin lókùn la ìdíwọ́ kọjá láìgùn ún. Ìdíwọ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. A la gbogbo rẹ̀ kọjá, kò kọ ọ̀kankan, kò fẹsẹ̀ kan igi, a sì yára. Ipò kẹrin la gbà. Ẹṣin ẹni tó gba ipò kìíní tilẹ̀ dúró pẹ́ níwájú tapólì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ìdíwọ́ kó tó kọjá. Ohun tí adájọ́ kọ sínú ìwé wa ni pé “ẹ̀yin méjèèjì ò ṣe é pọ̀.” Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìyẹn? Ṣé kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó? Ẹ tún bá mi sọ bóyá bíbá ẹṣin sọ̀rọ̀ nínú pápá máa ń dín máàkì kù.

Ìdáhùn: Ohun tó ń dùn yín yé mi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó sétí pápá pẹ̀lú ìwé máàkì lọ́wọ́, mo sì ti rí i pé ẹni tí ẹṣin rẹ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́ kì í bínú lọ sílé tó ẹni tí kò ṣàṣìṣe kankan tí máàkì rẹ̀ sì kéré. Ti àkọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe é. Ti ìkejì ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, torí ibẹ̀ ni ìdajì ìdáhùn yín wà.

Nínú ìdíje tí wọ́n ń ṣe lọ́nà ti Amẹ́ríkà, irú bíi trail (líla ìdíwọ́ kọjá) àti reining (ìsáré, yíyípo àti dídúró lójijì), 70 ni ẹnikẹ́ni tó bá wọ pápá fi ń bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ á wá fún ìdíwọ́ tàbí ìrìn kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, láti -1½ títí dé +1½. Òdo níbẹ̀ kì í ṣe èébú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó ṣe é bó ṣe yẹ kó ṣe é, kò burú, kò sì wú èèyàn lórí. Ìtanràn wà lọ́tọ̀: ti ẹsẹ̀ tó gbá igi, ti ẹṣin tó kọ̀, ti ẹni tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹṣin tí kò jẹ ìtanràn kankan, àmọ́ tó gba -½ nídìí ìdíwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 65 ló máa gbé lọ sílé. Èyí tó jẹ ìtanràn 1, tó gba +½ ní ìdíwọ́ mẹ́fà tó sì gba òdo ní mẹ́rin tó kù, 72 ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ń ka ìtanràn, adájọ́ ń ka ìdajì-ìdajì. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Bí orúkọ ìdíje bá yí padà, iye náà lè yí padà. Nínú dressage, níbi tí ẹni tó gun ẹṣin ti ń mú un ṣe oríṣiríṣi ìrìn tí wọ́n là sílẹ̀, 0 dé 10 ni wọ́n ń fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, 0 fún ohun tí ẹṣin ò ṣe rárá, 10 fún èyí tó dára débi pé kò kù síbì kan. Nínú showmanship, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹṣin lókùn fi hàn adájọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá ẹṣin ò kàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ara rẹ̀ àti bí ẹni tó mú un ṣe ń gbé e rìn ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn: báwo ni iṣẹ́ náà ṣe di ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sídìí tapólì yẹn. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú mi ní àìmọye ìgbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹni kan dé etí tapólì, ó fa okùn. Ẹṣin gbé orí sókè, ọrùn rẹ̀ gan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì fò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pátákò ẹ̀yìn kan péré ló kan tapólì. Bó ṣe balẹ̀ lódìkejì, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹni tó mú un dànù. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́.

Ẹlòmíì dé ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti dúró kó tó dé etí tapólì. Ẹṣin rẹ̀ dúró pẹ̀lú. Ó tẹ orí sílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn jáde nímú, fùú. Ẹni tó mú un ò ṣe nǹkan kan. Okùn tó wà láàárín wọn rọ̀ sílẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí. Nígbà tó yá, ó yí ìbàdí síwájú díẹ̀, ó sì fi ìka kan gbé okùn náà sókè. Èjìká ẹṣin sún síwájú, bóyá ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kò tíì gbẹ́sẹ̀ o. Lójú ẹsẹ̀, ìka yẹn sọ okùn kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni pátákò àkọ́kọ́ gun tapólì, tó ń dún wọ̀ràwọ̀rà. Etí ẹṣin kan yí sẹ́yìn láti gbọ́ ọ. Kò sáré. Ó tẹ ẹsẹ̀ kejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó sì bọ́ sí òdìkejì pẹ̀lú okùn tó ṣì rọ̀.

Ìyẹn gba tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí mo bá wà níbẹ̀, +1 ni màá fún un, màá sì fún ti àkọ́kọ́ ní -½, bóyá -1 nítorí èjìká yẹn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, nítorí náà ó ń rí nǹkan bí ìwọ̀n 350 nínú 360 tó yí i ká. Díẹ̀ tó kù tí kò rí ni iwájú orí rẹ̀ gan-an, abẹ́ imú rẹ̀, àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. Ẹṣin tó gbé orí sókè lẹ́bàá tapólì ò rí ohun tó fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ẹṣin tó tẹrí sílẹ̀ ń wá bó ṣe máa rí i ni. Ẹni tó bá fa okùn lásìkò yẹn ti gba ojú ẹṣin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó fò sínú òkùnkùn. Òótọ́ ni pé ẹṣin fò ó. Ṣùgbọ́n kò fò ó nítorí pé ó gbà pé ẹni tó mú òun mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ló le fún un ju ti iwájú lọ.

Àti ìka yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí ọwọ́ bá ń fà ni ẹṣin ń kẹ́kọ̀ọ́. Rárá o, ìgbà tí ọwọ́ bá dẹ̀ ni. Ohun yòówù tó bá ń ṣe nígbà tí okùn rọ̀ ni yóò gbà pé ó mú kí okùn rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bá ti kọjá, ó ti ń ro nǹkan mìíràn. Nítorí náà, adájọ́ tó mọ iṣẹ́ ń wo bí ohun tí ẹ béèrè ṣe kéré tó, bí ẹṣin ṣe tètè dáhùn, àti bí ẹ̀yin náà ṣe tètè dákẹ́ lẹ́yìn tó dáhùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn olùdíje kì í rántí. Wọ́n á béèrè, ẹṣin á dáhùn, wọ́n á ṣì máa béèrè.

Láti ibi tí mo jókòó sí, kì í ṣe ẹṣin ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ ẹni tó mú okùn ni mo ń wò. Ìtàn kan wà tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ lọ. Ní ìlú Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilhelm von Osten ní ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Hans. Bí wọ́n bá bi Hans ní ìṣirò, á fi pátákò gbálẹ̀ títí á fi dé iye tó tọ̀nà, á sì dúró. Gbogbo èèyàn ní ẹṣin náà mọ̀wé. Oskar Pfungst ló wá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1907. Ó rí i pé bí ẹni tó ń béèrè ò bá mọ ìdáhùn, Hans náà ò mọ̀ ọ́n. Bí Hans ò bá sì rí ẹni náà, kò mọ nǹkan kan. Ara èèyàn ló ń kà: ẹni tó béèrè á tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹṣin ṣe ń gbálẹ̀, bó bá sì ti dé iye tó tọ́, orí rẹ̀ á gbé sókè, ó kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ṣe é. Hans á rí i, á dúró.

Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú pápá tiwa, èèyàn ni ẹṣin ń wò rìn. Ẹṣin tó lè rí orí tó gbé sókè ní ìwọ̀n ìka kan ò nílò kí ẹ fà á lọ́rùn. Bó bá wá jẹ́ pé okùn nìkan ló ń gbọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́ ọ kó má wo ara mọ́, nítorí pé ara yẹn ń sọ nǹkan mìíràn, ọwọ́ ń sọ nǹkan mìíràn. Mo máa ń rí i gan-an: ẹsẹ̀ ẹni náà ti dúró, èjìká rẹ̀ ṣì ń lọ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹṣin wo ló máa gbọ́ ìyẹn?

Ìdánwò tó rọrùn jù lọ tí mo mọ̀ kò nílò ìdíwọ́ kankan. Ẹni tó mú okùn ń rìn, ó sì dúró lójijì láìsọ̀rọ̀, láìfọwọ́ kan okùn. Bí ẹṣin bá dúró kí okùn tó nà tán, ẹ ti rí ohun tí mò ń pè ní ìgbọ́ra-ẹni-yé. Bó bá rìn kọjá títí okùn fi dá a dúró, okùn ló ń bá rìn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ ni.

Mo wá máa ń wo ojú ẹṣin. Ibí ni adájọ́ ti lè ṣìnà jù. Èmi náà ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan wọ pápá tí mo ti ń dájọ́. Ó la gbogbo ìdíwọ́ kọjá bí ẹni pé wọ́n fi epo pa ilẹ̀. Kò gbé etí, kò gbóòórùn nǹkan kan, kò wo ẹnikẹ́ni. Okùn rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fún un ní máàkì tó ga jù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a parí, mo gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n so àwọn ẹṣin sí kọjá. Wọ́n ti tú okùn rẹ̀, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ẹṣin yòókù ń jẹ koríko, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ń yán. Òun dọ́jú kọ ògiri. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti gbà fún kádàrá ni: wọ́n ti kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ pé ohun yòówù tí òun bá sọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mo ti fọwọ́ sí ìwé máàkì, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́.

Láti ọjọ́ náà, mi ò ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan kún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ́. Mo fẹ́ rí etí kan tó ń yí sọ́dọ̀ ẹni tó mú un, kó padà síwájú, kó tún yí. Mo fẹ́ rí ẹṣin tó fẹ́ mọ ohun tí tapólì jẹ́. Ẹṣin tó ní èrò tirẹ̀, tó sì gbà láti bá yín lọ, òun la ń wá.

Ìrora tún yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sì yẹ kí adájọ́ rí i kó pè é ní orí kunkun. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n ń pè ní Horse Grimace Scale. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ń wò lórí ẹṣin: etí tó gan sẹ́yìn, ìpéǹpéjú tó sún pọ̀, awọ òkè ojú tó fà, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó le, ẹnu àti àgbọ̀n tó gan, ihò imú tó le. Wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 1 tàbí 2. Fún ẹṣin tí wọ́n ń gùn, Sue Dyson tó jẹ́ dókítà ẹranko kó ìwà mẹ́rìnlélógún jọ. Bí ẹṣin bá hu mẹ́jọ nínú wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe gan-an kí ìrora wà nínú iṣan tàbí egungun rẹ̀. Mi ò lè ka gbogbo ìyẹn nígbà tí ẹṣin ń kọjá lọ níwájú mi, kò sì sí adájọ́ tó lè ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n á mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrù tó ń lé eṣinṣin àti ìrù tó ń jà bí pàṣán ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá gbé ọwọ́.

Bí ẹ bá ní kí n yan ibì kan ṣoṣo tí mo ti lè mọ àwọn méjì tó gbọ́ ara wọn yé, ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni màá yàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn láàárín igi tí wọ́n tò tó ṣẹ́ sí apá kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin yà sí ọ̀tún, ó ku díẹ̀ kó gbá igi. Àwọn kan á já okùn gbì, ẹṣin á gbé orí, ìdí rẹ̀ á tún yà sí i, igi á yí. Àwọn mìíràn á dúró. Wọ́n á jẹ́ kí ẹṣin mí, wọ́n á ní kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ara rẹ̀ tún tò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún béèrè ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè pàdánù díẹ̀ nítorí ìdádúró náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé bí nǹkan bá wọ́, ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n ń sá sí. Ẹni tí ohun gbogbo dán fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ò tíì fi ìyẹn hàn mí.

Ẹ béèrè bóyá ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Ojú ni, lótìítọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn àjọṣe. Ní ìdíje dressage ti Olympics, adájọ́ méje ló ń jókòó yí pápá ká láti ọdún 2012, torí pé ohun tí ẹni tó wà níwájú rí kọ́ ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń rí. Nínú ìdíje kékeré, adájọ́ kan péré ló sábà máa ń wà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá fi kan ẹni ogún. Èmi máa ń ní akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń pe máàkì fún un kí ojú mi má bàa kúrò lórí pápá, mo sì máa ń pè é kí àtẹ́wọ́ tó dún. Àtẹ́wọ́ ń tan èèyàn. Ẹṣin tó lẹ́wà náà ń tan èèyàn, gọ̀gọ̀ gígùn àti ọrùn tó tẹ̀ lè fi ½ kún máàkì láìjẹ́ pé èèyàn fura.

Ohun tí mo máa bá adájọ́ yín wí ni àlàyé tó kọ. “Ẹ ò ṣe é pọ̀” kì í ṣe àlàyé, ìdájọ́ ni. Ó yẹ kó kọ pé “okùn le nídìí 2, 5 àti 7” tàbí “ẹṣin wọ inú àyè yín.” Ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn olùṣètò, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ibi tó ti rí i. Ẹ má lọ bá a nídìí mọ́tò rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, bí ẹnì kan bá ya fídíò yín, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má wo ẹṣin rárá, ara yín ni kí ẹ wò. Lẹ́ẹ̀kejì, okùn nìkan, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó nà gbọnrangandan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fídíò ẹni tó gba ipò kìíní náà, bí ẹ bá rí i. Ní ilé, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan ṣoṣo mú okùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí ẹ ò bá lè fi ìka méjì béèrè, ẹ má béèrè ẹ̀ ná.

Ní ti sísọ̀rọ̀: inú òfin ìdíje kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò. Nínú dressage ti FEI, àjọ tó ń darí ìdíje ẹṣin lágbàáyé, ohùn àti fífi ahọ́n dún sí ẹṣin jẹ́ àṣìṣe tó ń gé máàkì. Níbi tí wọ́n ti ń mú ẹṣin lókùn la ìdíwọ́, ọ̀pọ̀ òfin ò kà á léèwọ̀, èmi náà kì í yọ nǹkan kan fún ẹni tó bá rọra pe ẹṣin rẹ̀. Ohun tí mò ń yọ máàkì fún ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ láti ìdíwọ́ kìíní dé ìkẹwàá. Ẹṣin rẹ̀ ti jáwọ́ nínú gbígbọ́ ọ láti ìdíwọ́ kejì.